Òkun dákẹ́ lójú mi, àmọ́ nínú fọ́tò ńṣe ló kú

OjúLókun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́. Ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Fọ́tò òkun tó dákẹ́ ni mo fẹ́ràn. Mi ò fẹ́ èyí tí ìgbì ń fọ́ mọ́ àpáta bí ẹni ń jà, mi ò sì fẹ́ èyí tí oòrùn ti da gbogbo àwọ̀ ayé sójú ọ̀run. Omi, ojú ọ̀run, bóyá òpó igi kan ṣoṣo, ó parí. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ra fíltà dúdú onípele 10, dígí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ lẹ́ǹsì kù. Ìdájí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti jí lọ sí etíkun kan tí òpó afárá onígi àtijọ́ ṣì kù sínú omi rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, f/11 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), mo ṣí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ohun tí mo fojú ara mi rí: omi ń mí lọ, ó ń mí bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú, ẹyẹ kan bà lé orí òpó. Ohun tí kámẹ́rà bá mi gbé wálé: nǹkan funfun kan báyìí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí òwú tí wọ́n gbọ̀n sílẹ̀. Ẹyẹ ò sí níbẹ̀. Omi gan-an ò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní, "Yìnyín lèyí, àbí?" Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

ÌyáLẹ́ǹsì

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Jíjí tó ò ń jí yẹn ò kéré. Kí n tó sọ nǹkan kan, dá mi lóhùn: nígbà tí fíltà ò tíì sí lójú lẹ́ǹsì, kí ni kámẹ́rà ní kí ṣọ́tà jẹ́? Òkun ń kún ni àbí ó ń fà? Afẹ́fẹ́ ńkọ́?

OjúLókun

Ẹ ṣé mà. 1/4 ìṣẹ́jú àáyá ló sọ kí n tó fi fíltà sí i. Òkun... mi ò mọ̀ o, mi ò kíyè sí i. Afẹ́fẹ́ wà díẹ̀, ojú òkun ló ti ń fẹ́ bọ̀ wá lù mí lójú.

Ọ̀gáFíltà

Inú 1/4 yẹn ni ìdáhùn wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìpele kan ń gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì. Ìpele 10, ẹ ti gé e sí ìdajì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nìyẹn, ó di ìdá kan nínú 1024. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń kọ 1000 sára irú fíltà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi 1/4 sọ 1024 di púpọ̀, ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 256, ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ìṣirò yín péye. Irinṣẹ́ yín ni kò bá àsìkò mu.

Ọ̀sán ni fíltà onípele 10 wúlò fún jù. Bí kámẹ́rà bá ní 1/60 lọ́sàn-án, fíltà yẹn á sọ ọ́ di bí àáyá 17. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ti kéré, 1/4 ti wà lọ́wọ́ yín láìná nǹkan kan. Onípele 3 máa sọ ọ́ di àáyá 2. Onípele 6 máa sọ ọ́ di 16. Ní 2, ojú ṣì ń rí ọ̀nà tí omi gbà. Ní 16, ìgbì ti ń yọ́ mọ́ra wọn. Tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi í sílẹ̀, kùrukùru ló kù.

Ẹ wò ó báyìí: ká ní ìgbì kan ń wọlé ní àáyá mẹ́jọ mẹ́jọ. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin yín, ìgbì bíi 30 ti gun orí ara wọn nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Báwo ni ojú ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ omi? Ẹyẹ yín náà, ó ṣeé ṣe kó ti fò lọ kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

DúdúÀtiFunfun

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru fíltà o. Mo ti fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ya òkun rí, fọ́tò yẹn sì wà lára ògiri mi títí di òní. Tí ẹ bá fẹ́ sọ omi di kùrukùru, nǹkan míì gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in kí ojú lè ríbi fara tì: òpó, àpáta, odi. Ẹ fa àwòrán yín tóbi, kí ẹ wo etí òpó yẹn dáadáa. Bí etí rẹ̀ ò bá mú, á jẹ́ pé kámẹ́rà mì.

Ẹ wá lọ wo iṣẹ́ Hiroshi Sugimoto, ará Japan. Láti 1980 ló ti ń ya òkun lọ́nà kan náà: ìdajì omi, ìdajì ojú ọ̀run, dúdú àti funfun, kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn, kò sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Kámẹ́rà ràbàtà ló ń lò, tí fíìmù ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 8 ní ìbú, ínǹṣì 10 ní gígùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yà lọ́sàn-án, omi inú wọn ò yọ́ rárá. Ìgbì wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa kà wọ́n. Síbẹ̀ bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ariwo á kúrò létí yín. Gbogbo ohun tó yọ kúrò níbẹ̀ ló jẹ́ kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, kò nílò kó nu omi nù.

AyàwòránÌdájí

"Mi ò kíyè sí i" ni àbúrò wa sọ nígbà tí wọ́n béèrè bóyá òkun ń kún tàbí ó ń fà. Má bínú, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá ẹ wí díẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé, òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àti bí ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 yẹn ni kì í jẹ́ kí ìdájí òní jọ ti àná. Bí omi bá kún dé góńgó ní aago mẹ́fà àárọ̀ òní, tọ̀la á tó nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó di àrànmọ́jú, omi á kún kọjá bó ṣe máa ń kún, á sì fà jìnnà réré. Tí òṣùpá bá jẹ́ ìdajì, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà á kéré. Táàbù ìkún òkun wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣeé wò kéèyàn tó sùn.

Ìgbà tí omi ti ń fà bíi wákàtí kan tàbí méjì ni tèmi. Iyanrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ṣì tutù, ó ń dán bíi dígí, ojú ọ̀run á bọ́ sínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì sí níbẹ̀, àfi tìẹ, tí o ò bá ṣọ́ra.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Èyí tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú òkun máa ń tẹ́ omi etíkun pẹrẹsẹ. Èyí tó ń lù ẹ́ lójú yẹn ló ń sọ ojú omi di jágajàga. Má sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ibi tó o wà tàn ẹ́: ewé lè má mì lẹ́bàá rẹ kí ìgbì gíga ṣì máa wọlé. Ìjì tó jà lọ́nà jíjìn ló rán wọn, wọ́n ti lè rìn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Bí mo ṣe ń ya omi tó ń padà nìyí. Jẹ́ kí ìgbì wọlé, kó na ara rẹ̀ tán lórí iyanrìn. Ìṣẹ́jú àáyá kan á wà tí kì í lọ, tí kì í bọ̀. Má tíì tẹ̀ ẹ́. Bí ìfófòó bá ti yí orí padà, ìgbà yẹn ni kó o tẹ rìmóòtù, ààbọ̀ àáyá sí àáyá kan. Ìfófòó á fa ìlà tínrín tínrín, gbogbo rẹ̀ á dojú kọ òkun bí irun tí wọ́n yà. Àáyá mẹ́ta, ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Má lo aago kámẹ́rà tó ń ka 2 kó tó yà á, ìgbì ò ní dúró dè é.

Ẹsẹ̀Mẹ́taMiRì

Orúkọ mi níbí ti sọ ìtàn náà tán, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Mo na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níbi tí omi ń dé, mo ń yangàn. Ìgbì kìíní kọjá, kò sí nǹkan kan. Ìkejì wọlé, ó ń gbẹ́ iyanrìn abẹ́ ẹsẹ̀ kan lọ, mi ò rí i torí ojú mi wà lára ẹ̀rọ. Mo kàn rí i pé òkun ń dagun. Mo ní kí n tún un ṣe, ìgbì kẹta dé, kámẹ́rà doríkodò sínú omi iyọ̀. Ìwà òmùgọ̀ tí mo wá hù ni pé mo tàn án láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dán an wò láé. Ẹ yọ bátìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹnì kan tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn oṣù méjì ó dá a padà, kò tanná, skúrù méjì sì ti dín.

Ní báyìí, mo máa ń ti ẹsẹ̀ yẹn wọnú iyanrìn dáadáa, kí ìgbì kan tàbí méjì kọjá lára rẹ̀ kó jókòó, kí n tó wá tún ìdúró kámẹ́rà ṣe. Mi ò na ọ̀pá àárín sókè mọ́. Báàgì tí mo máa ń so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá ń fì í, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá délé, omi tí kò níyọ̀ ni mo fi ń ṣan gbogbo oríkèé rẹ̀, mo ń tú u, mo ń jẹ́ kó gbẹ. Bí ẹ bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ ó gbọ́ bí iyanrìn ṣe ń rún nínú rẹ̀ bí ẹni ń họ ìkòkò.

Iyọ̀ ojú lẹ́ǹsì náà ńkọ́, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún o, á ha á. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ tó lómi díẹ̀ yọ́ ọ.

ÌyáLẹ́ǹsì

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Kámẹ́rà lẹ pàdánù, ẹ dúpẹ́. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìgbì máa ń wọlé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àwọn kéékèèké á wá, àwọn ńlá á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Àbúrò mi, bó o bá dé etíkun, jókòó fún ìṣẹ́jú 20 láìtú báàgì. Wo ibi tí omi rin iyanrìn dé kẹ́yìn. Má kọ ẹ̀yìn sí òkun nítorí pé ò ń wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Sọ ibi tó ò ń lọ fún ẹnì kan nílé.

Ìṣẹ́jú 20 yẹn wúlò fún fọ́tò náà. Ìgbà tó o bá ti jókòó lo máa mọ ohun tó ń pariwo níwájú rẹ tí o ò fẹ́ kó wọlé.

Ọ̀gáFíltà

Díẹ̀ kún un, kí n tó lọ sùn. Bí kámẹ́rà bá wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa ohun tó ń bá ọwọ́ gbígbọ̀n jà, torí òun fúnra rẹ̀ lè máa wá ìmìtìtì tí kò sí. Ẹ bo ihò tí ẹ ń yọjú wò bí kámẹ́rà yín bá ní dígí nínú, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé nígbà tí ṣọ́tà bá pẹ́. Ètò tó ń yọ ọ̀wínníwínní lẹ́yìn tí ṣọ́tà bá pẹ́ máa ń gba àkókò kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i: ìṣẹ́jú mẹ́rin di mẹ́jọ, ìmọ́lẹ̀ ìdájí á sì ti yí padà kó tó tán. Mo ti pa tèmi. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ni kí ẹ fi yà á, torí fíltà dúdú míì ń da àwọ̀ pọ́nrándan tàbí búlúù lé e.

ÌkọwéEtíkun

Mo ní ìbéèrè kan tó lè bí àwọn kan nínú. Bí ọkọ̀ ojú omi bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, ṣé mo lè fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́? Torí ìdákẹ́jẹ́ náà ni.

DúdúÀtiFunfun

Pa á rẹ́. Ta ló bi ọkọ̀ léèrè?

AyàwòránÌdájí

Dúró kó kọjá. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́, ìgbà wo lo fẹ́ dúró? Lọ́la wàá pa àpáta rẹ́.

ÒpìtànFọ́tò

Ìjà yìí dàgbà ju gbogbo wa lọ. Gustave Le Gray, ará Faransé, ń ya òkun ní 1856 àti 1857. Kẹ́míkà ìgbà yẹn yára gba àwọ̀ búlúù jù. Bó bá fún omi ní àkókò tó tó, ojú ọ̀run á funfun báláú. Bó bá fún ojú ọ̀run ní èyí tó tó, omi á ṣókùnkùn. Nínú àwọn kan lára fọ́tò rẹ̀, ó ya ojú ọ̀run sórí dígí kan, ó ya omi sórí òmíràn, ó sì so wọ́n pọ̀ níbi tí òkun ti pàdé ọ̀run nígbà tó ń tẹ̀ wọ́n síbébà. Àwọsánmà kan náà wà lórí òkun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ dígí ẹyọ kan péré.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé òun ń sáré láti dá ìgbì dúró, ó sì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ó dá a dúró. Àwa lónìí ń ra fíltà kí ìgbì lè sá lọ.

DúdúÀtiFunfun

Ẹ ò rí i! Bàbá wa Le Gray ti dá mi láre.

AyàwòránÌdájí

Kẹ́míkà ló fipá mú un. Kí ló fipá mú ìwọ?

DúdúÀtiFunfun

Ó dáa, a gbà, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ àbúrò wa. Méjì péré ló kù tí mo fẹ́ sọ. Àkọ́kọ́, ìlà òkun gbọ́dọ̀ tẹ́ dọ́gba. Nínú fọ́tò ọjà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bó bá dagun díẹ̀. Nínú fọ́tò tí kò ní ju ìlà kan lọ, dígíríì kan péré ti tó kí omi máa dà nù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìkejì, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ká ọwọ́ yín kúrò lára ohun tó ń mú dúdú dúdú sí i, tó ń mú funfun funfun sí i. Eérú tẹ lé eérú lẹ rí láàárọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

OjúLókun

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé.

Mo wo táàbù. Òṣùpá jẹ́ ìdajì, omi ti ń fà láti bíi wákàtí kan àbọ̀ kí oòrùn tó yọ. Mo jókòó bí ẹ ṣe wí mà, mi ò tú báàgì. Ní bí ìṣẹ́jú kẹwàá ni mo rí ohun tó ń pariwo: òpó mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbìyànjú láti kó sínú fọ́tò láti ọjọ́ yìí. Mẹ́sàn-án! Mo rìn lọ sápá òsì títí mẹ́jọ fi jáde, ó ku ẹyọ kan, tòun ti òjìji rẹ̀ nínú iyanrìn tútù. Mo gbé kámẹ́rà ga díẹ̀ kí orí òpó má bàa kan ìlà òkun. Ìgbà tí kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, orí òpó sọdá ìlà yẹn, ó dà bí ẹni tó fọwọ́ kọ́ okùn.

Fíltà onípele 3, àáyá 2. Mo ya 43, ọ̀kan ló dáa. Kùrukùru bo ibi tí omi ti pàdé ọ̀run, ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Níwájú, omi ń padà, ó yí ẹsẹ̀ òpó po, ó fa okùn funfun kan ṣoṣo sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ọjọ́sí wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó.

Mo ti gbé e sókè fún yín. Ẹ bá mi wo àmì dúdú kékeré ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn. Kí n pa á rẹ́ ni àbí kí n fi í sílẹ̀?

ÌyáLẹ́ǹsì

Ọmọ mi, o ṣe é. Okùn funfun yẹn! Fi àmì yẹn sílẹ̀, ó dà bí ẹyẹ tó sinmi lójú omi. Ojú mi rìn láti ara òpó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì padà.

DúdúÀtiFunfun

Pa á rẹ́. Àmọ́ fọ́tò náà dùn mọ́ mi gan-an.

AyàwòránÌdájí

Fi ẹyẹ náà sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀.

OjúLókun

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà. Kì í ṣe ẹyẹ. Ìdérí lẹ́ǹsì mi ni, ó bọ́ nígbà tí mo ń bẹ̀rẹ̀, omi sì ń gbé e lọ. Mo ti fi í sílẹ̀ nínú fọ́tò báyìí, torí ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè rí i mọ́.